Odò Tí Ọ̀pọ̀lọ́ Kò Ké Nínú Rẹ̀ Mọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹni tó mú mi rìn nínú ìran náà kìlọ̀ fún mi kí ó tó dá mi padà. Ó ní, "Wọn yóò gbà ọ́ gbọ́. Má ṣe bẹ̀rù pé wọn kò ní gbà ọ́ gbọ́. Ohun tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà ọ́ gbọ́ tán ni kí o bẹ̀rù." Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi nígbà tó sọ ọ́. Ó wá yé mi ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí mo jẹ́rìí tán tí Bàbá Alàgbà sì dìde láti kéde. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́. Nígbà tí mo fi ẹnu sọ ọ́, orin lẹ fi dá mi lóhùn.

Nítorí ẹni tí kò mọ ọ̀dọ̀ wa, kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ odò náà ṣe jẹ́. Ilé àdúrà wa wà létí odò, ní ìsàlẹ̀ àwọn oko tòmátì àti ata ńláńlá. Ẹ̀gbẹ́ àwọn oko wọ̀nyẹn ni odò náà ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọ̀dọ̀ wa, ó ń ṣàn lọ sínú adágún ńlá tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ lọ sí ìlú. Inú odò yìí la ti ń ṣe ìrìbọmi, inú rẹ̀ la sì ti ń pọn omi àdúrà. Ní ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, a máa ń wọ aṣọ funfun tuntun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, a ó rì í bọ inú odò, a ó sì fún un ní omi rẹ̀ mu kí ó tó jáde. Màmá Dọ̀kásì, ìyá àdúrà wa tó ti sùn nínú Olúwa, ló máa ń dúró nínú omi pẹ̀lú kẹ́tùlù rẹ̀ funfun. Ọwọ́ rẹ̀ ni èmi fúnra mi ti mu ún nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni Ìbùkún, ọmọ mi, kọ́kọ́ ti mu ún.

Kí Màmá tó kú, ìran kan jáde nínú ìjọ pé àwọn ẹ̀mí àìmọ́ ń gbé inú odò náà. A gbààwẹ̀. A dúró létí odò, a ń pàtẹ́wọ́, a ń ké àdúrà títí ohùn wa fi há. Nígbà tí a padà débẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹja ti léfòó, ikùn wọn funfun kọjú sókè. Akàn kú. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ na ẹsẹ̀ gbọọrọ lórí yanrìn. Koríko etí odò rọ, ó sì pọ́n bí ẹni pé iná jó o. Àwa dá ọpẹ́. A ní ẹ̀mí àìmọ́ ti jáde, pé inú àwọn ẹja wọ̀nyẹn ni wọ́n ń gbé. Màmá Dọ̀kásì jó títí ìborí rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni omi náà ti mọ́ gaara tí a ń rí yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kò sí ìdin ẹ̀fọn nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀lọ́ kankan kò sì ké níbẹ̀ mọ́. A ní odò ti di mímọ́. Láti ìgbà náà la ti ń mu ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Aránṣọ ni mí. Ojú mi ti mọ wíwọn nǹkan, bí ojúrán bá yẹ̀ díẹ̀, mo máa ń rí i. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ìbẹ̀rù ìyá ló ń da ọkàn mi rú bí mo bá sọ ohun tí mo rí lára ọmọ mi. Lẹ́yìn ìkórè èṣí, Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ lẹ́nu bí ọmọ tó ń hu eyín. Ó ń làágùn nígbà tí ara àwa tó kù tutù. Ibi dúdú àárín ẹyinjú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, kódà nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Wọ́n pàṣẹ omi àdúrà fún un láràárọ̀. Bí ó ṣe ń mu ún ni ọwọ́ rẹ̀ ń rọ sí i, títí tí kò fi lè di ṣíbí mú mọ́.

Ìkórè àwọn ọmọdé sì tún ti sún mọ́lé. Mo ti ń rán aṣọ funfun rẹ̀. Mo ká etí aṣọ náà sínú dáadáa, kí n lè máa tú u bí ọmọ náà bá ń ga. Òwú funfun tán lọ́wọ́ mi, mo wá fi òwú búlúù rán ibi tí mo ká sínú, nítorí pé kò ní hàn síta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí òwú búlúù yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn àdúrà, mo tẹ́ ẹní sí igun ilé àdúrà, mo gbé orí Ìbùkún lé apá mi. Oorun ti gbé e lọ. Mo tún gbàdúrà kan sí i, tí kò gùn. Mo ní, "Olúwa, fi ohun tó ń ṣe ọmọ mi hàn mí." Bí mo ṣe ń ṣe Àmín, ojú mi pa dé, mo sì rí i pé mo dúró, mo ń wo ara mi lórí ẹní.

Obìnrin kan dúró níbi ẹsẹ̀ ẹní náà. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ó tutù láti etí ìsàlẹ̀ dé orúnkún, omi sì ń kán lára rẹ̀ láì jẹ́ kí ilẹ̀ rin.

Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ó yá."

Mo ní, "Ọmọ mi ńkọ́?"

Ó ní, "Jẹ́ kí ó sùn. Ibi tí a ń lọ, kò tíì yẹ kí ó dé ibẹ̀."

A jáde, a sì kọrí sí òkè odò, níbi tí a kì í sábà lọ. A dé ẹ̀gbẹ́ oko. Mo rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n gbé àgbá ìfínko pọ̀n sẹ́yìn, tí wọ́n ń fín oògùn sára tòmátì. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sódò, wọ́n ṣan àgbá náà, wọ́n da omi rẹ̀ nù sínú odò, wọ́n sì tún bu òmíràn ṣan án. Òjò bẹ̀rẹ̀. Omi òjò gba ojú ebè, ó kó sí kòtò tí wọ́n gbẹ́ láti inú oko wá sínú odò, ó funfun bí omi ẹ̀kọ. Mo rí ẹja tó ń fò sókè, tó ń yí po, tó ń dákẹ́. Nígbà náà ni mo gbọ́ àtẹ́wọ́ láti ìsàlẹ̀ odò. Mo gbọ́ ohùn tèmi nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí a ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde ni.

Mo yíjú sí obìnrin náà. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe àdúrà wa ló pa àwọn ẹja náà?"

Ó ní, "Àdúrà yín kò pa ẹja kankan."

Ilẹ̀ là níbi tí kòtò náà ti pàdé odò, a sì sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ibi tí mo bá ara mi gbòòrò, kò ní igi, kò ní ẹyẹ. Omi wà níbi gbogbo, ó mọ́ gaara, ó dára lójú. Àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ ń kú lọ fún òùngbẹ. Olúkúlùkù wọn tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mu, bí ètè wọn bá ti kan omi náà, wọ́n á ké, wọ́n á sá sẹ́yìn, òùngbẹ á tún mú wọn padà. Mo rí àwọn alágbèrè ní apá kan. Mo fẹ́ dúró wò wọ́n, obìnrin náà fà mí lọ́wọ́. Ó ní, "O ti gbọ́ nípa àwọn wọ̀nyí tẹ́lẹ̀."

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn òpùrọ́. Àwọn ni ó ya ìwé kúrò lára ìgò oògùn oko, ìwé tí wọ́n ya àwòrán orí òkú sí, tí wọ́n rọ oògùn náà sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n sì ń tà á lójú ọjà. Ìwé náà ti lẹ̀ mọ́ ẹnu wọn. Bí wọ́n bá ya á kúrò, awọ á bá a lọ, òmíràn á sì hù síbẹ̀ lójú kan náà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n so ọkùnrin méjì mọ́ àgbá ìfínko kan. Ọ̀kan jẹ́ olóko tòmátì, èkejì ni ẹni tó ń ta oògùn fún un. Olóko ń bu láti inú àgbá náà fún olóògùn mu, olóògùn náà ń bu fún olóko, kò sì sí èyí tó lè dáwọ́ dúró.

"Mu ún," ni olóko wí. "Ṣebí ìwọ lo ní kò lè pa adìyẹ."

"Ìdérí kan ni mo ní kí o fi sínú àgbá. Ìwọ lo ń dà á bí ẹni ń da epo sọ́bẹ̀."

"Kòkòrò kò kú pẹ̀lú ìdérí kan."

"Ẹ̀gbọ́n, kòkòrò ti kú báyìí. Ẹ gba tiyín," ni olóògùn fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo bi obìnrin náà bóyá wọ́n mọ ibi tí omi wọn ń lọ. Ó ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n. Omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń rà fún ọmọ tiwọn."

Mo tún rí àwọn tó ń da oògùn sódò kí ẹja lè léfòó fún wọn, kí wọ́n lè kó o láì ju àwọ̀n, tí wọ́n yan ẹja náà tí wọ́n sì tà á fún aboyún. Àwọ̀n wọn kún, wọ́n sì ń fà á, wọ́n ń fà á, kò sì dópin, bí ẹja kọ̀ọ̀kan bá sì ti jáde nínú omi, á la ojú, ojú ènìyàn sì ni, ojú ọmọ kékeré tí ibi dúdú rẹ̀ rí bí orí abẹ́rẹ́, mo mọ irú ojú yẹn, mo ti tan iná wò ó nínú yàrá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá, mo ń sá nínú omi, omi náà ń jó mi lẹ́sẹ̀, mo ń pe Ìbùkún, Ìbùkún, gbogbo ẹja inú àwọ̀n náà sì ya ẹnu wọn, wọ́n ń dáhùn pé, "Mà."

Obìnrin náà mú mi lápá. Ó ní, "Ọmọ rẹ kò sí níbẹ̀. Dákẹ́ kí o lè rí ìyókù."

Ìyókù ni aninilára kan. Ipò ńlá ló wà nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ará abúlé kan kó òkú ẹja sínú agbọ̀n, wọ́n gbé e lọ bá a, kí ó lè rí i fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e jáde, pé ó ń rùn. Agbọ̀n náà wà lórí rẹ̀ báyìí. Omi rẹ̀ ń kán sí i lójú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ láti nù ún.

Kí a tó kúrò, ó fi ibi tí gbogbo omi náà ń pàdé hàn mí. Adágún tiwa gan-an ni. Mo rí páìpù tó jáde láti inú rẹ̀, mo fi ojú tẹ̀ lé e dé ìlú, dé ẹ̀yìnkùlé obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Ó ń fi omi ẹ̀rọ po ẹ̀kọ fún ọmọ ọwọ́. Ó ń fẹ́ ẹ kí ó lè tutù. Mo kígbe pè é. Kò gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ìmọ́lẹ̀ yí wa ká. Kí n tó rí ohunkóhun, ariwo kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ariwo tí mo ti gbàgbé. Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń gbe ara wọn lóhùn.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń wá níbí?"

Ó ní, "Tiyín ni. Àwọn tó kú lọ́dọ̀ yín ni."

Mo rí odò náà. Mi ò ní lè sọ bí ó ti rí. Ewédò wà nínú rẹ̀, ẹja ń ṣeré láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn mímọ́ tí wọ́n jókòó létí rẹ̀. Wọ́n ń bu omi mu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àárẹ̀ ayé ti kúrò lára wọn. Mo fẹ́ sunkún ayọ̀. Àfi ìgbà tí mo wo apá òsì. Àwọn ọmọdé pọ̀ níbẹ̀ nínú aṣọ funfun ìkórè, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí odò. Ètè wọn gbẹ, ó ti là.

Ẹnì kan dúró nínú omi lẹ́yìn wọn pẹ̀lú kẹ́tùlù funfun. Màmá Dọ̀kásì ni.

Màmá wò mí látòkèdélẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti rù. Ṣé wọn kì í jẹun nínú ìjọ mọ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà."

Ó ní, "Dìde, bá mi pè wọ́n. Ó ti rẹ̀ mí láti máa pè wọ́n. Bóyá wọ́n á dá ìwọ lóhùn."

Mo gba kẹ́tùlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ bá ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó Ìbùkún. Mo ní kí ó mu díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Òùngbẹ kò gbẹ wá." Ẹ̀jẹ̀ wà lára ètè rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́.

Mo padà bá ẹni tó mú mi wá. Mo ní, "Ṣé wọ́n dá Màmá lẹ́bi ni?"

Ó ní, "Rárá. Kò mọ̀. Wọ́n fún un ní ìsinmi bíi ti àwọn yòókù, òun ni kò gbà á. Ó ní títí wọ́n á fi mu."

"Ṣé wọ́n á mu lọ́jọ́ kan?"

Ó ní, "Orúkọ Olúwa lẹ fi fún wọn lómi ìgbà yẹn. Èmi kò mọ orúkọ mìíràn tí ènìyàn lè fi fún wọn."

Ibẹ̀ ni mo ti rí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Aṣọ funfun kéékèèké ni, kò sí ẹni tó tíì wọ̀ wọ́n. Atẹ́gùn fẹ́ èyí tó wà ní ìpẹ̀kun, etí rẹ̀ yí padà, mo sì rí òwú búlúù. Mo di aṣọ náà mú, mo wo inú rẹ̀, mo wo apá rẹ̀, mo wo ọrùn rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, èmi ni mo ká a sínú kí ó lè gùn bí ọmọ náà bá ń ga, kò sí ẹni tó tú u, kò sí ẹni tó tíì dàgbà nínú rẹ̀, mo fà á kúrò lórí okùn, ó tún wà lórí okùn, mo fà á, ó tún wà níbẹ̀, mo ní, "Ta ló ni ín, ta ló ni ín?"

Nígbà tí ohùn mi tán, mo bi obìnrin náà léèrè bóyá odò wa lè padà sí bí ó ti wà. Ó ní, "Àwọn tó lè dí kòtò yẹn ń sùn dáadáa." Mo ní, "Àdúrà wa ńkọ́?" Ó ní, "Ó ń dé ibí. Oògùn náà ń dé ọ̀dọ̀ yín." Nígbà náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

Ọwọ́ Ìbùkún ló jí mi. Ó fi lé mi lójú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ń sunkún lójú oorun." Lẹ́yìn náà ló ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ife omi àdúrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Mo dà á síta. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo lọ sílé, mo bu omi òjò tó wà nínú ìkòkò fún un mu. Mi ò mọ̀ bóyá òjò náà dára. Láti ọjọ́ náà, mi ò mọ omi tó dára mọ́.

Ẹ ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìjọ, mi ò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Bàbá Alàgbà dìde. Omijé wà lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìran òtítọ́ ni." Orin sọ. Ẹ jó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ní ọjọ́ ìkórè gan-an, kí gbogbo ìjọ sọ̀kalẹ̀ sínú odò láti fi omi náà fọ ìran búburú yìí nù, kí àwọn ọmọdé ṣáájú, kí wọ́n sì mu ún ní àmuyó.

Mo dìde. Mo ní, "Bàbá, omi náà gan-an ni ìran ọ̀hún."

Wọ́n ní, "Ìyá Ìbùkún, ìwọ lo rí i. Ìjọ ni yóò túmọ̀ rẹ̀."

"Oògùn oko ló wà nínú rẹ̀, sà."

"Oògùn wo ló wá lágbára ju orúkọ tí a ń pè lọ?"

Mo fẹ́ tún sọ̀rọ̀, àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn mi fà mí láṣọ. Ọ̀kan ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọ ló ń ṣàìsàn." Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n ń fẹ́ mi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. N kò rí ẹnì kan tí mo lè bínú sí.

Mo ti tú aṣọ funfun náà palẹ̀, ojúrán dé ojúrán, òwú búlúù náà ti jóná. Ìyá ọkọ mi ti ra òmíràn lọ́jà. Wọ́n ní bí èmi kò bá lè gbé ọmọ náà lọ, àwọn yóò gbé e lọ. Ọkọ mi ní ọmọ ìyá òun ni òun, òun kò lè da ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù. Mo ń dúró ti Ìbùkún tọ̀sántòru, ṣùgbọ́n èmi náà yóò sùn.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, mi ò ní kí ẹ fi ìjọ sílẹ̀, mi ò sì ní kí ẹ bá Bàbá Alàgbà jà. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá dé odò ní ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n tó gba ọmọ lọ́wọ́ yín, ẹ jókòó díẹ̀ létí omi. Ẹ dákẹ́. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ẹ ó gbọ́ kí ọ̀pọ̀lọ́ kan ké. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọmọ yín padà sílé. Bí ẹ bá sì rí Ìbùkún níbẹ̀, ẹ bá mi gbé òun náà.